Sí Sàkínátù, nípa afẹ́fẹ́ tí à ń mí àti ọmọ tó ṣí fèrèsé

Tchaourou, ọjọ́ Àìkú

Sàkínátù, Àdùkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́ ní Bétérou. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé iṣu tí o béèrè ti wà nílẹ̀, ẹni tó ń fi alùpùpù lọ sí ọ̀nà ibẹ̀ la ń wá. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo èyí tó kù nínú lẹ́tà yìí, tèmi ni.

Mo purọ́ fún ọ. Ní Àlàmísì tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, o pè mí, o ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún nípa ọ́síjìn lẹ́yìn ìsinmi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ojú kò rí fún ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì? Ẹ̀yin tí ẹ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, báwo lẹ ṣe kọ́ tiyín?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, n kò gbọ́ ohun tí o ń sọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo pa fóònù, mo jókòó sójú kan títí ìyá rẹ fi wá béèrè bóyá ara mi kò yá.

Ara mi yá. Ojú ló ń tì mí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, n kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ alára títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìwọ kò tíì máa rìn nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni, ní abúlé kan lápá Goro, tí ẹ̀yin sì wà lọ́dọ̀ ìyá mi níbí. Gbogbo abúlé ń pè mí ní Mẹ́tìrì, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe olùkọ́, orúkọ náà sì ń gùn mí. Bí mo bá ń kọjá, àwọn tó tó bàbá mi á dìde kí mi. Mo rò pé ìmọ̀ mi ni wọ́n ń kí. Bẹ́ẹ̀ ìwé kan ṣoṣo ni mo ní, ohun tí kò bá sì sí nínú rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ tí a kọ́ ẹ̀kọ́ ọ́síjìn, ọyẹ́ mú gan-an. Mo tan àbẹ́là sórí tábìlì, mo fi ìgò ńlá kan dé e. Iná náà rọ díẹ̀díẹ̀, ó kú. Àwọn ọmọ pariwo, inú mi dùn. Mo ní, "Kí ló pa á?" Wọn kò mọ̀. Mo ní ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ ni iná ń jẹ, nígbà tí ó jẹ ẹ́ dé ibi tí kò tó o mọ́, ó kú. Mo wá kọ gbólóhùn Faransé mẹ́ta sójú pátákó, mo ní kí wọ́n máa kà á tẹ̀ lé mi. Wọ́n kà á títí ohùn wọn fi ha. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ ohun tí ó ń kà.

Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè. Rámátù ni orúkọ rẹ̀, ó tó ọmọ ọdún méje, ó tín-ín-rín, eyín iwájú rẹ̀ méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

"Mẹ́tìrì, bí iná bá lè jẹ ọ́síjìn inú ìgò tán, ṣé ó lè jẹ ti inú yàrá?"

Mo ní, "Yàrá kì í ṣe ìgò."

"Yàrá wa kéré, Mẹ́tìrì. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n gbé iná èédú sínú yàrá nítorí òtútù, wọ́n sì fi aṣọ dí fèrèsé. Ṣé ìyá mi á kú bí iná yẹn?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ ìdáhùn rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ní àkókò náà gan-an. Mo ní, "Ọmọ tó ń ṣẹ́ èpè fún ìyá rẹ̀! Lọ kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn." Ó kúnlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, títí a fi jáde.

Àdùkẹ́ mi, má ṣe ohun tí mo ṣe yẹn láé. Nígbà tí ọmọ bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ fún un pé, "N kò mọ̀ ọ́n, màá lọ béèrè." Kò sí ohun tí yóò já bọ́ lára rẹ. Dókítà wà nínú ìlú, nọ́ọ̀sì wà, o sì ní fóònù lọ́wọ́, èyí tí èmi kò ní nígbà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsí fóònù ló ṣe mí. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà tí mo lè fi kẹ̀kẹ́ dé láàárín wákàtí kan. N kò lọ ni.

Bí Rámátù ṣe délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fa aṣọ tí wọ́n fi dí fèrèsé yọ, ó ṣí i. Ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, nà án. Bàbá rẹ̀ kò sí nílé, ó ti lọ ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà, Ìyá Àgbà ló sì ń tọ́jú ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti ìkókó náà. Kò ní ìkà nínú. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n bí nínú ilé náà nìyẹn, wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ń bẹ̀rù kí òtútù má pa á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà wá bá mi nílé ìwé. Ó fa Rámátù lọ́wọ́ dání. Ó kúnlẹ̀ kí mi, arúgbó bẹ́ẹ̀.

"Mẹ́tìrì, ẹ má bínú. Ọmọ yìí ṣí fèrèsé sílẹ̀ lórí ìkókó nínú ọyẹ́ yìí. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ fún òun pé iná ń jẹ afẹ́fẹ́ inú yàrá, pé ó lè pa èèyàn. Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Rámátù ń wò mí. Sàkínátù, mo rí ojú yẹn títí di òní. Kò sunkún. Ó dúró bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, pé Mẹ́tìrì yóò sọ òótọ́ báyìí, wọ́n á sì gbé iná jáde.

Mo rò ó pé bí mo bá ní mo sọ ọ́, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì rí bẹ́ẹ̀, gbogbo abúlé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tún rò ó pé wọ́n á ní àjèjì tó wá láti Tchaourou fẹ́ kọ́ àwọn arúgbó bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá ọmọ.

Mo ní, "Rárá o, Màmá. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Àbẹ́là ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ìyá Àgbà yíjú sí ọmọ náà, ó ní, "O gbọ́ àbí o kò gbọ́?"

Rámátù yí padà. Ó wọ kíláàsì, ó jókòó. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó tún ṣí fèrèsé náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n sì tún nà án. Mo rí ojú ọgbẹ́ náà ní apá rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, mo wo ibòmíràn.

Lọ́jọ́ kẹta náà, kí oòrùn tó dé àtàrí, ó dìde nínú kíláàsì. "Mẹ́tìrì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ sílé."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ wo ìyá mi."

"Jókòó."

Ó jókòó. Nígbà tí mo kọ ẹ̀yìn sí wọn láti kọ nǹkan sójú pátákó, ó sá jáde. Mo rán àwọn méjì láti lọ mú un wá. Kí wọ́n tó padà, mo gbọ́ igbe láti inú abúlé.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gbé Àbíbátù, ìyá Rámátù, jáde sí abẹ́ igi, wọ́n ń da omi sí i lójú. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Ìkókó náà kò mí mọ́. Rámátù ló ti ilẹ̀kùn, ló wọlé, ló ń fa ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ títí àwọn àgbà fi gbọ́ igbe rẹ̀. Iná èédú náà ṣì wà nínú yàrá, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kò ní èéfín rárá. Mo rí Ìyá Àgbà tó gbé e jáde, tó dà á sẹ́yìn ilé.

Nọ́ọ̀sì tó wá láti ilé ìwòsàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe gbọ́ pé wọ́n dáná èédú. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé èmi ni mo gbọ́ Faransé. Ó ní kì í ṣe pé iná ń jẹ ọ́síjìn nìkan. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí wọ́n tì pa tún máa ń tú májèlé kan jáde, kò ní òórùn, ojú kò rí i, bí èèyàn bá ń mí in sínú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Orí á máa fọ́ ọ, oorun á máa kùn ún, yóò sùn lọ. Ó ní, "Mẹ́tìrì, ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn lédè wọn, kó má ṣẹlẹ̀ ní ilé mìíràn."

Mo jáde síta. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì ní ara wọn ni kò yá." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Torí pé bí mo bá sọ gbogbo rẹ̀, Ìyá Àgbà á rántí ìbéèrè tó bi mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

Ìyá Àgbà kígbe pé òtútù ló pa ọmọ òun, òtútù tí Rámátù ṣí fèrèsé fún. Wọ́n gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ọmọ yẹn ní Aṣífèrèsé. Bí òjò kò bá rọ̀, bí ọmọ kan bá ń wúkọ́, wọ́n á ní kí Aṣífèrèsé má sún mọ́ ibẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀. Èmi ni mo fi gègé pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé, ọkàn mi sì fúyẹ́ díẹ̀ pé n kò ní máa rí ojú rẹ̀ lójoojúmọ́ mọ́. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ kí o lè mọ irú èèyàn tí bàbá rẹ jẹ́ nígbà náà.

Ọyẹ́ méjì tún kọjá kí wọ́n tó gbé mi kúrò ní abúlé yẹn. Mo máa ń kọjá lẹ́yìn ilé àwọn ìyá ọmọ, màá rí fèrèsé tí wọ́n tì, màá gbóòórùn èédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná sí, màá sì máa bá ọ̀nà mi lọ. Pé kò sí ẹlòmíràn tó kú, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ní báyìí, jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè rẹ.

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ńlá. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara wọn. Ní kí wọ́n gbé ọwọ́ sí àyà, kí wọ́n mí sínú, kí wọ́n mí síta. Ní kí wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, kí wọ́n fẹ́ ẹ, kí wọ́n sọ fún ọ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù. Sọ fún wọn pé ohun tó ń wọlé tó ń jáde yẹn ni afẹ́fẹ́, pé a kò rí i ṣùgbọ́n ó wà níbi gbogbo, nínú agolo tó ṣófo pàápàá. Lẹ́yìn náà, kó wọn jáde, kí wọ́n sá yí ká ọgbà lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, bi wọ́n pé, "Kí ló dé tí ẹ ń mí kíákíá?" Ibẹ̀ ni kí o ti sọ fún wọn pé ohun kan wà nínú afẹ́fẹ́ tí ara ń lò, ọ́síjìn ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e káàkiri, ó ń gbé e fún ẹsẹ̀ kí ó lè sáré, fún ọpọlọ kí ó lè ronú, fún ọkàn kí ó lè máa lù. Bí ẹsẹ̀ bá ṣiṣẹ́ púpọ̀, ó ń béèrè púpọ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Lọ́jọ́ mìíràn, o lè sọ fún wọn pé igi ń fún wa ní ọ́síjìn bí oòrùn bá ń ràn sórí ewé rẹ̀, pé ẹja ń rí tirẹ̀ nínú omi. Wọ́n á bi ọ́ bóyá adìyẹ ń mí, bóyá kòkòrò ń mí. Jẹ́ kí wọ́n béèrè. Sọ ọ́ lédè tí wọ́n ń sọ nílé kí o tó sọ ọ́ ní Faransé, kí èyí tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Bàrìbá tàbí Fúlàní má sì jókòó sẹ́yìn bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Àbẹ́là àti ìgò, má ṣe é fún àwọn ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀. Wọ́n á lọ dán an wò nílé.

Àwọn nǹkan kan wà tí o gbọ́dọ̀ sọ léraléra. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rá bo orí tàbí ojú. Kí wọ́n má di imú ara wọn ṣeré. Kí wọ́n má fara pamọ́ sínú àpótí tàbí fìríìjì tó ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá rí iná èédú nínú yàrá tí wọ́n tì pa, kí wọ́n jáde, kí wọ́n ké sí àgbà. Ìwọ náà pe àwọn ìyá wọn jọ kí ọyẹ́ tó dé. Sọ fún wọn pé ṣíṣí fèrèsé nìkan kò tó, kí wọ́n gbé iná náà síta pátápátá, kí wọ́n fi aṣọ púpọ̀ wé ìyá ọmọ àti ìkókó dípò rẹ̀. Má ṣe bẹnu àtẹ́ lu àwọn ìyá àgbà. Ìfẹ́ ló ń mú wọn gbé e wọlé.

Èyí tó kẹ́yìn nínú ìmọ̀ràn mi ni pé bí ọmọ kan bá sọ nílé pé, "Tátà olùkọ́ wa ló sọ bẹ́ẹ̀," tí òbí rẹ̀ sì wá bá ọ, dúró ti ọmọ náà. Bí ó bá ṣi ohun tí o sọ gbọ́, tún un ṣe níwájú òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n má sẹ́ ẹ.

Mo kọ gbogbo èyí tán lọ́sẹ̀ kejì, mo rí i pé n kò lè fi ránṣẹ́. Báwo ni mo ṣe lè máa gbà ọ́ nímọ̀ràn nígbà tí mo ṣì ń sẹ́ ọmọ yẹn? Mo béèrè Rámátù káàkiri, wọ́n ní ó wà ní Kika, ó ní oko kájú, ó ti ní ọmọ mẹ́ta. Mo gun alùpùpù lọ.

Ó mọ̀ mí kí n tó sọ̀kalẹ̀. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi wá. Àbíbátù wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé. Láti ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó sì máa ń gbàgbé nǹkan. Mo rọra kúrò lórí àga, mo jókòó sílẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ní, "Rárá o, Màmá," Rámátù yí ojú sí ẹ̀gbẹ́.

Àbíbátù yíjú sí mi. Ó wá bi mí pé, "Ṣé nítorí wa ló ṣe ṣí fèrèsé?"

Mo ní, "Nítorí yín ni, Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì tí mo mọ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìgbà tí ó ti ilẹ̀kùn tí ó gbà yín là."

Rámátù sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni. Mo tún ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí Ìyá Àgbà lọ pọnmi. Wọ́n tì í nígbà tí mo lọ sílé ìwé."

Àbíbátù na ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n yẹn, ó gbé e lé orí ọmọ rẹ̀, kò sì gbé e kúrò.

Mo ní kí Rámátù dárí jì mí. Ó wò mí, kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mẹ́tìrì, Ìyá Àgbà ti kú. Wọ́n kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé èmi ni mo pa ọmọ wọn. Ohun tí ẹ sọ lónìí yìí, mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àwọn ará ibẹ̀ ni kò mọ̀. Àwọn ni kí ẹ lọ sọ fún."

Mo padà lọ sí abúlé náà ní Jímọ̀ ìjẹta. Mo bẹ ìmáàmù, ó jẹ́ kí n dìde lẹ́yìn ìrun. Mo sọ ohun tí Rámátù bi mí ní kíláàsì, ohun tí Ìyá Àgbà bi mí, èsì tí mo fún un, ohun tí nọ́ọ̀sì sọ tí n kò túmọ̀. Kò sí ẹni tó bú mi, ìyẹn sì le ju èébú lọ. Arákùnrin bàbá Rámátù, ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní Aṣífèrèsé, ṣí fìlà, ó dì í mú lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Báwo ni májèlé náà ṣe ń rí? Ṣé igi tí wọ́n fi ń dáná náà ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo dáhùn èyí tí mo mọ̀. Àwọn méjì tí n kò mọ̀, mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n, màá lọ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì."

Rámátù kò tíì pè mí, n kò sì retí pé kó pè mí. Arákùnrin bàbá rẹ̀ ti lọ sí Kika láàárọ̀ yìí, òun pẹ̀lú àwọn àgbà méjì. N kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Kò kàn mí.

Sàkínátù mi, o lè bínú sí mi bí o bá ka èyí tán. Má yára dáhùn. Kọ́kọ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ rẹ, kí o sì máa wo ẹni tó bá na ọwọ́ sókè.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn sí àyà rẹ àti tiwọn.

Bàbá rẹ,
tí ó ń kọ́ òótọ́ sísọ lọ́jọ́ ogbó.